Ọmọ Ajá Tó Ń Fò Mọ́ Gbogbo Ayé: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Ní Ìkíni

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni, ní òpópónà kan ní Iba Housing Estate. Ẹnì kan ṣí géètì láti da ìdọ̀tí nù, kó tó yíjú padà, Bingo ti bọ́ síta. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Bingo. Bàbá kan ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ nínú jalàbíà funfun. Bingo fò mọ́ ọn, ó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ méjì sí i láyà, ó sì fi itọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé figbe ta, ó sì sá. Bingo rò pé eré ni, ó gbá tẹ̀ lé e. Ìyá alákàrà bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta. Ìgbà yẹn ni olówó ajá yọ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, tó ń kígbe pé: "Ẹ má bẹ̀rù o, kì í gé èèyàn jẹ! Ó kàn fẹ́ràn èèyàn ni!"

Kò sí Bingo kan pàtó tí ìwé yìí ń tọ́ka sí. Láti Ajángbádì dé Ìgbó-Ẹlẹ́rin, láti Okokomaiko dé ẹ̀yìn Àlàbà, àdúgbò wo ní Ọ̀jọ́ ni kò ní tirẹ̀? Òótọ́ sì ni ohun tí olówó ajá ń kígbe, àmọ́ òótọ́ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni. Bàbá tó ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ní láti wá aṣọ mìíràn kí ìrun tó kàn tó tó, nítorí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í kírun pẹ̀lú aṣọ tí itọ́ ajá bá kàn. Ọmọ iléèwé yẹn, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ajá tó bá ń lé èèyàn kiri, dìgbòlugi ni. Ti ìyá alákàrà, epo gbígbóná tó wà lórí iná rẹ̀ ló ń rò.

Ọ̀yàyà Bingo kò burú. Ìkíni ni kò mọ̀. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kì í fò mọ́ ọn lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà. Yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ ná, yóò dúró kí wọ́n dá a lóhùn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọn yóò tó fọwọ́ pa á lórí. Ohun kan náà ni orí ìwé yìí fẹ́ kọ́ ajá. Jíjókòó ni ìkúnlẹ̀ tirẹ̀.

Ìdí tó fi ń fò

Àwọn kan máa ń sọ pé ajá tó ń fò mọ́ èèyàn fẹ́ jẹ ọ̀gá lé onítọ̀hún lórí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ìkookò, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ajá, àwọn ọmọ máa ń sáré lọ pàdé àgbà tó ti ọdẹ dé, wọn a máa lá a lẹ́nu kó lè pọ oúnjẹ jáde fún wọn. Lílá ẹnu yẹn ló di ìkíni lára ajá ilé. Ẹnu èèyàn wá ga jù, ni Bingo bá ń fò kó lè dé ibẹ̀.

Àwọn ará ilé náà sì ti ń sanwó ìfò yìí fún un tipẹ́. Nígbà tó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ 8, tí kò ju ológbò lọ, gbogbo ìgbà tó bá fò ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń gbé e mọ́ra. Ní oṣù 6, ó lè ti wọn kílò 20, èékánná rẹ̀ ti le, ìfò kan náà wá di ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló sọ fún ajá pé òfin ti yí padà? Bí wọ́n bá fọwọ́ tì í dànù, eré ìjàkadì ló kà á sí. Bí wọ́n bá pariwo, ó lè rò pé wọ́n ń bá òun gbó ni.

Èèyàn kò wọ́n ní Ìyànà-Ìbà

Àkókò kan wà nínú ìgbésí ayé ọmọ ajá tí ọpọlọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mímọ èèyàn àti ẹranko mìíràn: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn ìbí. Ní 1961, onímọ̀ mẹ́ta, Daniel Freedman, John King àti Orville Elliot, tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n fi ọgbà gíga yí ká, níbi tí wọn kì í ti bá èèyàn pàdé. Wọ́n ń mú díẹ̀ lára wọn wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré láti bá èèyàn ṣeré, àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn mìíràn ní 3, 5, 7 tàbí 9. Àwọn tí kò bá èèyàn ṣeré rárá títí di ọ̀sẹ̀ 14 dà bí ẹran ìgbẹ́. Bí wọ́n bá rí èèyàn, sísá ni.

Ìwádìí yìí ló yẹ kí wọ́n fi dá àwọn tó ń sọ pé ajá ọlọ́yàyà kò lè ṣọ́lé lóhùn. Nítorí olè ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́ ṣe ra ajá, kò sì sí ẹni tó máa bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan a ti ọmọ ajá mọ́ kéèjì láti àárọ̀ di alẹ́ kí ojú rẹ̀ má baà mọ èèyàn. Àwọn mìíràn a fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kó lè rorò. Inú rírun ni ata ń fún ajá. Ajá tí wọ́n tì mọ́lé bẹ́ẹ̀ kì í di akọni, ojo ló ń dà, ẹ̀rù yẹn ló sì ń mú un gé ọmọ ilé jẹ lọ́jọ́ tí kéèjì bá ṣí sílẹ̀. Ìṣọ́ ilé máa ń jáde fúnra rẹ̀ bí ajá bá ń dàgbà, ní nǹkan bí ọdún kan sí méjì, pàápàá lára Boerboel àti Rottweiler. Ajá ìbílẹ̀ lásán tí wọ́n ń pè ní ekuke náà kì í gbẹ́yìn nínú gbígbó. Ajá tó ti rí ọ̀pọ̀ àlejò ló tètè ń mọ èyí tó ń yọ́ rìn.

Ian Dunbar, dókítà ẹran ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwọn ọmọ ajá ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ ajá ti pàdé ọgọ́rùn-ún èèyàn kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ní California, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ní Ìyànà-Ìbà, dánfó mẹ́fà tó bá já èrò sílẹ̀ ti tó. Ìṣòro ẹni tó ń gbé ní Ọ̀jọ́ ni pé èèyàn ti pọ̀ jù, ariwo ti pọ̀ jù, ọmọ ajá tó bá sì ti ń yọ̀ láyọ̀jù tẹ́lẹ̀ yóò kàn ya wèrè láàárín wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa bù ú fún un, bí ẹni ń bu oògùn.

Pávò sì wà nílẹ̀. Àìsàn yìí, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá mọ̀ yíká ayé ní 1978, ni ó ń mú ọmọ ajá bì, tó ń mú un yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Omi tí wọ́n po mọ́ bílíìṣì ló ń pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí di ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí èyí, àwọn dókítà ẹran kan máa ń ní kí ajá má jáde rárá títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fi máa pé, àkókò ṣíṣí ọpọlọ ti kọjá. Ní 2008, AVSAB, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran tó ń rí sí ìhùwàsí ẹranko ní Amẹ́ríkà, sọ ojú abẹ níkòó: ọmọ ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí pàdé èèyàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 7 tàbí 8, bó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ méje ṣáájú, tó sì ti lo oògùn aràn.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí wọ́n gbé e. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 10 kò tíì wúwo. Olówó rẹ̀ lè gbé e sí apá, kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó jẹ́ kó rí sójà tó wọ kákí tó ń bọ̀ láti Cantonment, akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó gbé báàgì kọ́yìn, ìyá tó pọnmọ, ẹni tó ru igbá, obìnrin tó wọ híjáàbù, mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Kó gbọ́ ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Marwa, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, àti àwọn tó ń dán spíkà wò ní Àlàbà, àmọ́ ní òkèèrè. Ilẹ̀ tí ajá ìgboro ń yàgbẹ́ sí ni kó má fẹsẹ̀ kàn.

"Jókòó": ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ṣe kókó

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìpàdé ẹbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nínú ilé kan náà, bàbá á ní "Sit!", ìyá á ní "Jókòó!", ọmọ ọ̀dọ̀ á ní "Sidon!", àbúrò bàbá tó wá kí wọn á sì máa patẹ́ fún ajá pé kó fò wá. Ọ̀rọ̀ kan ni kí wọ́n mú. Àbúrò bàbá yẹn ló sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, nítorí "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀, èmi fẹ́ràn ajá" ni yóò máa wí. Bí ìfò bá ń lérè lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá, ajá kò ní jáwọ́, bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lótò kì í ṣe é jáwọ́.

Ẹja ṣáwá yíyan tí wọ́n já wẹ́wẹ́, tí kò ní eegun, ló dára jù fún owó ọ̀yà. Kò wọ́n, òórùn rẹ̀ sì le. Kí wọ́n má fi ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà kún un, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kí wọ́n má sì fún un ní eegun adìẹ sísè, tó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó tó lè gún ìfun.

Báyìí ni kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n fi okùn ajá kọ́ òpó nínú àgbàlá. Kí ẹnì kan nínú ilé máa bọ̀ jẹ́jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Bí Bingo bá fò tàbí tó fa okùn, kí ẹni náà dúró, kó yí ẹ̀yìn padà, kó má sọ ohunkóhun. Bí ìdí ajá bá kan ilẹ̀, kí ẹni náà tún máa bọ̀. Bí ajá bá jókòó títí ẹni náà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó rí ẹja gbà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, kì í ṣe lókè tí yóò tún mú un fò, kí ẹni náà sì fọwọ́ pa á ní àyà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ti pọ̀ tó. Ní ọjọ́ kìíní, ó lè fò lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó jókòó lẹ́ẹ̀kan. Sùúrù ni.

Lẹ́yìn ará ilé, ó kan aládùúgbò. Lẹ́yìn aládùúgbò, ẹnu géètì. Lẹ́yìn ẹnu géètì, òpópónà nígbà tí èrò kò pọ̀, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ. Bó bá já kulẹ̀ ní ipele kan, kí wọ́n padà sí èyí tó ṣáájú. Ìyànà-Ìbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni ìdánwò àṣekágbá, ọ̀pọ̀ ajá kò sì nílò láti ṣe é láéláé.

Kòbókò kò wúlò níbí. Ajá tí wọ́n nà nítorí pé ó kí èèyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé èèyàn tó ń bọ̀ ló ń fa ìnira. Ọmọ ajá mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án, ṣe ni yóò tọ̀ sílẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbẹ̀rù àti ayọ̀ ló pàdé lára rẹ̀. Kí wọ́n nu ilẹ̀, kí wọ́n má bá a wí, kí àlejò máa kí i láti ẹ̀gbẹ́ láìtẹ̀ bà lé e lórí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé gba àfiyèsí. Ọmọ tó bá sá ni ajá ń lé, nítorí náà kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n dúró bí igi, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra, kí wọ́n wo ilẹ̀. Ọmọdé kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ajá, bó ti wù kó níwà tó. Láàárín oṣù 4 sí 6, eyín wàrà ọmọ ajá ń ré, ẹ̀ẹ̀kẹ́ ń yún un, ohun gbogbo ló sì fẹ́ jẹ. Kí aṣọ líle tí wọ́n di ní kókó wà nítòsí tí wọn yóò fi dípò ọwọ́ ọmọ.

Nígbà tí ajá bá pàdé ajá

Àwọn tó ń ta ọmọ ajá nínú kéèjì lẹ́bàá títì máa ń já wọn lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6. Ó yá jù. Láàárín ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń kọ́ pé bí òun bá gé ẹlòmíràn jẹ jù, onítọ̀hún yóò ké, eré yóò sì parí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ajá, kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 8.

Bingo, ní tirẹ̀, gbà pé gbogbo ajá ni ọ̀rẹ́ òun. Yóò sáré tààrà lọ bá èyí tó bá rí, yóò dojú kọ ọ́, yóò gun orí rẹ̀. Láàárín àwọn ajá, ìwà àfojúdi nìyẹn. Ajá tó mọ ìwà a máa yí bíríkítí lọ bá ẹnìkejì, a gbóòórùn ìdí rẹ̀ ná, a sì kúrò. Ekuke tó ń jẹ ní ààtàn ní Okokomaiko kò ní ṣàlàyé èyí fún un. Eyín ni yóò fi sọ ọ́. Kí wọ́n wá ajá àgbà kan tó balẹ̀, tó ti gba àjẹsára, lọ́dọ̀ aládùúgbò. Kí èèyàn méjì mú wọn rìn ní ìlà méjì, nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síra, kí okùn dẹ̀, nítorí okùn tó le koránkorán máa ń mú ajá rò pé ìjà wà níwájú. Bí ara àwọn méjèèjì bá ti rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ajá gbóòórùn ara wọn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí wọ́n pè wọ́n kúrò, kí wọ́n tún gbà wọ́n láàyè.

Kí ojú àwọn tó mú okùn wà lára ajá. Èyí tó bá fi ìgúnpá kanlẹ̀, tó gbé ìdí sókè, eré ló ń pè. Èyí tí ara rẹ̀ gan, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tí kò ṣẹ́jú, kí wọ́n mú un kúrò. Ìrù jíjù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀rẹ́: ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Ítálì fi hàn pé ìrù ajá máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún jù nígbà tó bá rí olówó rẹ̀, sí òsì nígbà tó bá rí àjèjì ajá tó ń halẹ̀. Bí iyèméjì bá wà bóyá eré ni tàbí ìyà, kí wọ́n di èyí tó ń gun èkejì mú. Bí èkejì bá padà wá, eré ni. Bó bá sá lọ, ó ti tó. Bí ajá àgbà bá sì kùn mọ́ Bingo, kí wọ́n má nà án. Olùkọ́ ni.

Fèrè

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, òwe àwọn àgbà nìyẹn, ó sì yẹ kí olówó Bingo gbà á bó ṣe rí, kó ra fèrè. Ọmọ ajá tó bá fẹ́ràn gbogbo èèyàn rọrùn fún olè láti gbé, torí ẹnikẹ́ni tó bá pè é ni yóò tẹ̀ lé, Badagry Expressway kò sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé ní Okokomaiko. Kí wọ́n máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì kí oúnjẹ tó dé ilẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú un lọ sí pápá pẹ̀lú okùn gígùn bí mítà mẹ́wàá, kí wọ́n fọn ún nígbà tó ń wo ibòmíràn, kó rí ẹja gbà bó bá dé. Kí wọ́n má ṣe fọn ún láéláé láti pè é wá jẹ ìyà.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílé

Bó ti wù kí ajá níwà, èékánná àti eyín rẹ̀ lè kan ara èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka àwọn tí dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún sí nǹkan bí 59,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń kó o ran ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ajá ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, dókítà ẹran ni yóò sì sọ ìgbà tí yóò tún un gbà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọdọọdún. Kí káàdì àjẹsára wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, nítorí òun ni aládùúgbò tí inú ń bí yóò kọ́kọ́ béèrè.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ajá kan, ti ilé tàbí ti ìgboro, gé èèyàn jẹ tàbí ha á, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má fi epo tàbí ewé sí i. Kí wọ́n má pa ajá náà. Kí wọ́n tì í mọ́lé, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí olówó ajá ọlọ́yàyà mọ̀: ajá ìgboro tí kì í sún mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀, tó wá ń fẹ́ràn èèyàn lójijì, lè ti ní dìgbòlugi. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ní ti jalàbíà bàbá ọjọ́sí, olówó Bingo ni yóò fọ̀ ọ́.